Afárá Swinford, tí Ó Jẹ́ Ohun Ìní Ẹnìkan



Bí a bá bi ọmọdé kan ní Èkó léèrè pé, "Ta ni ó ni afárá?" kì yóò pẹ́ kí ó tó dáhùn pé, "Ìjọba ni." Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà ní ilẹ̀ wa. Ìjọba ni ó kọ́ Afárá Carter tí ó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó, èyí tí a ṣí ní ọdún 1901, kò sì sí ìdílé kan tí ó lè dìde kí ó wí pé, "Ti baba wa ni, ẹ san owó fún wa kí ẹ tó gun orí rẹ̀." Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwọ̀n nǹkan bí máìlì márùn-ún sí ìlú Oxford, afárá kan wà lórí odò Thames tí ọ̀ràn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Afárá Swinford. Afárá náà ní olówó, bí ilé ti í ní olówó. A lè fi jogún, a sì lè tà á. Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1767 ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, a kò sì kọ ọjọ́ òpin kankan sínú òfin náà. Nípa bí èyí ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ jáde, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibẹ̀. Ìtumọ̀ Swinford ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń gbà la odò kọjá. Ẹ rí i pé ibi tí omi kò jìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí ẹran lè fi ẹsẹ̀ là. Ní apá ìwọ̀-oòrùn odò náà ni ìlú Eynsham wà, níbi tí ilé ńlá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti wà rí kí Ọba Henry Kẹjọ tó fọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ká. Ọ̀nà tí ó ti Oxford wá, tí ó ń lọ sí Witney àti sí apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, kò lè ṣe kí ó má la odò yìí kọjá. Ilẹ̀ tí ó yí i ká tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà tí òjò bá pọ̀ ní àkókò òtútù, odò náà a kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì tàn ká orí pápá, títí ẹni tí ó dúró ní etí rẹ̀ kò fi ní mọ ibi tí odò parí sí àti ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ìsọdá ni a ń lò níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun tí èyí jẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Kí afárá tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òmùwẹ̀ wà ní etí odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò ńlá mìíràn, tí iṣẹ́ wọn ni láti fi igbá ńlá gbé èrò kọjá. Arìnrìn-àjò yóò di igbá náà mú, òmùwẹ̀ yóò sì máa tì í lọ, títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ ní òdì kejì tí a ó sì san owó fún un. Àwọn ajíhìnrere ìgbà àtijọ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá, àtàwọn àti ẹrù wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú ìtàn yìí láti ẹnu àwọn àgbà yóò mọ̀ pé, ní ọjọ́ tí odò bá kún, kì í ṣe owó ni èrò ń rò bí kò ṣe ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba Swinford kọjá kí afárá tó wà ni John Wesley, ẹni tí àwọn ará wa ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń pè ní baba. Ó kọ ọ̀ràn náà sínú ìwé ìrántí rẹ̀ fún ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 1764. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà, orí ẹṣin ni ó sì wà. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e sọdá odò tán, ìdààmú kò tíì tán, nítorí omi bo ilẹ̀ ní ìhà méjèèjì bí òkun. Ọ̀nà gíga kan wà tí a ti fi erùpẹ̀ àti òkúta mọ la àárín àbàtà náà já. Wesley béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ bóyá ó ṣeé gùn. Atukọ̀ náà ní ó ṣeé gùn, bí ó bá lè rìn ní àárín rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ti mọ àárín ọ̀nà tí kò rí? Omi ti bo gbogbo rẹ̀, ó sì ń rọ́ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ní ibì kan ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà méjèèjì yẹ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà. Ẹranko náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún tẹ ilẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, inú omi tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12 ni wọn ìbá bọ́ sí. Wọ́n dé Witney ní àlàáfíà. Bí a ti mọ iye ọ̀nà tí ọkùnrin náà ti rìn láyé rẹ̀, a lè gbà pé kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù kékeré.

Ǹjẹ́, ta ni ì bá kọ́ afárá síbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ní ìgbà yẹn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ka títún ọ̀nà ṣe sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń tún ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ ṣe, bí àwọn baba wa ti máa ń jáde láti ro ojú ọ̀nà oko wọn. Ìlú tálákà tí ọ̀nà ńlá bá sì la àárín rẹ̀ kọjá kò rí agbára gbé ẹrù náà. Nítorí náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ń fún ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn kan láṣẹ láti gbé ibodè sí ojú ọ̀nà, kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọjá, kí wọ́n sì máa fi owó náà tún ọ̀nà ṣe. Àwa náà mọ oníbodè, a sì mọ owó ibodè. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Oníbodè tiwa ń gba owó fún ọba tàbí fún ìjòyè tí ó ni ẹnu ibodè náà, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Oníbodè ti ojú ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ń gba tirẹ̀ nípa òfin tí ó sọ iye tí yóò gbà, tí ó sì sọ ohun tí a ó ná an sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òfin ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a máa ní ọjọ́ òpin. Ọdún 21 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí ọdún náà bá pé, àwọn tí ó ni ín yóò padà tọ Ilé Ìgbìmọ̀ lọ láti tọrọ àfikún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún 21 yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní etí odò ní Swinford ni Willoughby Bertie, tí í ṣe Earl kẹrin ti Abingdon. Oyè ńlá ni Earl láàárín àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdọ́mọkùnrin ni ọlọ́lá yìí. Ọdún 1740 ni a bí i, ó sì jogún oyè ní ọdún 1760. Lára àwọn tí ó ti ètò afárá náà lẹ́yìn ni William Blackstone, olùkọ́ òfin ní Oxford, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń kà káàkiri ayé, títí kan àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní irú amòfin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ṣàì gba ìwé tí ó dára.

Ìwé tí ó gbà sì dára ní tòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ọba George Kẹta dá fi í ta á lọ́rẹ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni ó ṣe òfin náà ní ọdún 1767, ọba sì fi ọwọ́ sí i. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé Earl yóò fi owó ara rẹ̀ kọ́ afárá, òun ni yóò sì máa tún un ṣe. Ní ìdápadà, afárá náà àti owó ibodè rẹ̀ yóò jẹ́ ti òun, àti ti àwọn àrólé rẹ̀, àti ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi í lé lọ́wọ́, títí láé. A kì yóò gba owó-orí kankan lórí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ́ afárá mìíràn sórí odò náà láàárín máìlì mẹ́ta sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn wọ̀nyí, nítorí òfin a máa fi ọ̀rọ̀ kúkúrú bo ohun tí ó pọ̀. "Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi í lé lọ́wọ́" ni ó mú kí a lè ta afárá náà fún àjèjì tí kò bá ìdílé Abingdon tan rárá, kí àjèjì náà sì jókòó sí ipò Earl gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ọ. Máìlì mẹ́ta ni ó mú kí ẹni tí ń lọ má lè rí ibòmíràn yà sí nítòsí. Ti owó-orí ni ó sì yani lẹ́nu jù. Ní ọdún 1767, kò sí owó-orí tí ìjọba ń yọ lára owó tí ń wọlé fún ènìyàn lọ́dọọdún. Ọdún 1799 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jagun. Nítorí náà àwọn tí ó kọ òfin náà kò mọ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ gan-an. Owó-orí ilẹ̀ àti irú èyí tí wọ́n mọ̀ ní ìgbà tiwọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo owó-orí tí a kò tíì bí. Ní ọdún 1799 náà gan-an ni Earl kú.

A ṣí afárá náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1769. Ohun tí a ná lé e lórí jẹ́ £4,850, owó tí ó tóbi gidigidi ní ìgbà náà. Òkúta gbígbẹ́ ni a fi kọ́ ọ, iṣẹ́ tí ó sì lẹ́wà ni. Ihò ńlá mẹ́ta tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè ni odò gba abẹ́ wọn kọjá, àwọn ihò mìíràn tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn fún omi ìkún. A kọ́ ilé kékeré kan tì í fún oníbodè. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ó bá Wesley ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò tún ní í bá ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀. Oore ni èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú sí afárá náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé oore ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ó ṣòro fún mi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ yìí, láti dárúkọ Earl yìí kí n sì kọjá láìsọ ohun kan. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Ọlọ́lá ní ọdún 1793, nígbà tí wọ́n ń jíròrò bóyá kí a fi òpin sí òwò ẹrú, òun ni ó dìde tí ó sọ̀rọ̀ pé kí a sún ọ̀ràn náà síwájú. Wesley, ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ ní ojú odò rẹ̀, ti kọ ìwé lòdì sí ẹrú níní láti ọdún 1774. Ní oṣù kejì ọdún 1791, nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí Wilberforce láti gbà á níyànjú pé kí ó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì nínú ìjà náà. Ọdún 1807 ni a tó fi òfin fòpin sí òwò náà láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a sì mú Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ọkọ̀ ojú omi tí òfin náà gbé jáde ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sún un síwájú ní orúkọ àwọn ènìyàn nínú. Nítorí èyí, èmi kì í lè ka Earl Abingdon sí olóore lásán. Ẹ jẹ́ kí a padà sí odò.

Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí a ṣí Afárá Swinford, kò sí ohun àrà kan nínú rẹ̀. Ibodè wà níbi gbogbo. Ẹni tí ó san owó lórí afárá ti san owó lórí ọ̀nà kí ó tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Èrò fi ọ̀nà ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ oníbodè sì wọ inú gbèsè. Bí ọdún 21 kọ̀ọ̀kan ti ń pé, Ilé Ìgbìmọ̀ kò fún wọn ní àfikún mọ́, títí tí gbogbo wọn fi kásẹ̀ nílẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí, tí ọ̀nà sì di ti gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ọ̀nà ní ọjọ́ òpin, nítorí náà ó rí ìdáǹdè láìsí ìjà. Afárá Swinford kò ní ọjọ́ òpin. Bí ọ̀nà ti di ọ̀fẹ́ ní ìhà ìhín àti ní ìhà ọ̀hún, ibodè náà dúró sí àárín rẹ̀ bí ó ti wà.

Àwọn afárá oníbodè ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà di òmìnira. Ẹ wo Afárá Waterloo, tí ẹgbẹ́ àwọn olówó kan kọ́ tí a sì ṣí ní ọdún 1817. Àwọn olówó náà kò rí èrè tí wọ́n retí, nítorí Afárá Westminster àti Afárá Blackfriars kò jìnnà sí i, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣọ́ kọ́bọ̀ kan ṣe yóò rìn yí ká. Ẹ rí bí máìlì mẹ́ta tí a kọ fún Abingdon ti níye lórí tó! Ní ọdún 1877 a ṣe òfin tí ó fún àwọn aláṣẹ Lọ́ńdọ̀nù láyè láti ra àwọn afárá wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Ohun tí ó lé ní £470,000 ni wọ́n san fún Waterloo nìkan, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1878. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọmọ ọba fúnra rẹ̀ lọ láti orí afárá kan dé òmíràn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì kéde pé márùn-ún nínú wọn ti di ọ̀fẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ní owó, ó sì ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ohùn wọn dé etí ìjọba. Ta ni yóò ra afárá Eynsham?

Kò sí ẹni tí ó rà á fún ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì dé, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé ní Eynsham àti Witney tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Oxford lójoojúmọ́, afárá tí a kọ́ fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù di ọ̀nà ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀. Owó tí a ń gbà kò tó nǹkan. Olówó afárá kò lè dá a gbé sókè bí ó ti wù ú. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba. Ní ọdún 1994 ni a gbé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sókè láti péńsì 2 sí péńsì 5. Ẹ̀yin àgbà tí ó mọ owó àtijọ́, ṣílè kan ni péńsì 5 náà. Ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tí ó gun kẹ̀kẹ́ kì í san ohunkóhun.

Ṣé nítorí ṣílè kan ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń bínú? Rárá o. Ìdádúró ni ohun tí ń dùn wọ́n. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró, awakọ̀ a na ọwọ́, oníbodè a gba owó, a fún un ní ṣẹ́ńjì bí ó bá yẹ, kí ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé e tó lè sún mọ́ ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, ìlà ọkọ̀ a gùn lẹ́yìn ibodè náà. Ẹni tí ó jókòó pẹ́ lójú ọ̀nà láti san péńsì 5 mọ̀ pé àkókò òun àti epo tí ó jó dànù níye lórí ju owó náà lọ, kò sì sí ẹni tí epo àti àkókò náà bọ́ sí àpò rẹ̀. Èyí ni ohun tí ó ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò pé òun ni ó burú jù. Bí olè bá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, owó náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Àkókò tí ó ṣègbé lẹ́nu ibodè kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn dìde láti sọ pé kí a fòpin sí i, wọ́n sì bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Àyè rẹ̀ dé ní oṣù kejìlá ọdún 2009, nígbà tí a gbé afárá náà lọ sí gbàǹjo. Gbogbo ayé gbọ́ iye tí ó ń mú wọlé nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn títà rẹ̀ ti sọ, ó tó £195,000 ní ọdún kan, láti ọwọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ọkọ̀, láìyọ owó-orí. Ẹ fi í wé £4,850 tí Earl ná, ẹ ó rí i pé ọdún kan ṣoṣo mú ohun tí ó lé ní ìlọ́po 40 rẹ̀ wọlé. Lóòótọ́, pọ́n-ùn ìgbà yẹn kì í ṣe pọ́n-ùn ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá ń ṣírò bẹ́ẹ̀ láìrántí èyí ń tan ara rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ rò ó dáadáa, kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé a kò tíì san owó tí Earl ná padà tipẹ́tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá olówó afárá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀. Afárá kì í ṣe igi tí a gbìn tán tí a kàn ń ká èso rẹ̀. Omi ń jẹ ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, ọkọ̀ akẹ́rù ń mì í, òtútù ń la òkúta rẹ̀. Ẹni tí ó bá ni ín ni yóò tún un ṣe, yálà owó wọlé tàbí kò wọlé. Afárá oníbodè tí kì í ṣe ti ìjọba méjì péré ni ó kù lórí odò Thames. Èkejì Swinford ni Afárá Whitchurch, tí òfin tirẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1792, nígbà tí ọkùnrin mẹ́wàá dá owó jọ láti fi afárá onígi rọ́pò ọkọ̀ ìsọdá. Ẹgbẹ́ náà ti tún afárá wọn kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ti igi lọ, ti irin dé ní ọdún 1902, nígbà tí ti irin náà sì gbó, wọ́n tún un kọ́ láti ọdún 2013 sí ọdún 2014, omi ìkún sì dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà pípẹ́ nínú òtútù ọdún náà. Ní Whitchurch, ẹni tí ó sanwó lè rí ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe. Ó tún yẹ kí a sọ pé àwọn tí ó ni Swinford kò jí ohunkóhun. Ẹni tí ó ra ilé pẹ̀lú ìwé tí Ilé Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí kò hùwà àìtọ́ bí ó bá ń gba owó ilé. Bí a bá fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, òdodo béèrè pé kí a san iye rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Lójú tèmi, àwọn aṣòfin ọdún 1767 kò ṣìṣe ní ti pé wọ́n san èrè fún ẹni tí ó fi owó rẹ̀ wewu. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá pẹ́ gan-an kí afárá tó dé ibẹ̀, omi ì bá sì ti gbé ènìyàn lọ. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n ní òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà ní ọdọọdún, wọn kò sì lò ó fún afárá. Bí wọ́n bá kọ ọdún 21, tàbí 63, tàbí 99 pàápàá, olówó afárá ì bá gba owó rẹ̀ pẹ̀lú èrè tí ó pọ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn ì bá sì ní àyè láti tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kọ dípò rẹ̀, àwọn tí kò tíì wáyé ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé ìlérí ni ìlérí, àti pé ilẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ bá ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sí olówó tí yóò tún gbà láti kọ́ afárá fún un. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí a rà á ni, kì í ṣe kí a gbà á.

Ní gbàǹjo ọdún 2009 náà, kì í ṣe ìlú ni ó rà á. Ẹnìkan tí a kò dárúkọ rẹ̀ fún aráyé san £1,080,000. Ó ra òkúta àti ihò omi, ó ra ilé oníbodè, ó ra iṣẹ́ títún un ṣe, ó sì ra ìwé Earl ti ọdún 1767 pẹ̀lú "títí láé" tí ó wà nínú rẹ̀. Iye tí a ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọjọ́ tí a tà á náà ni a ń gbà ní ọjọ́ kejì: péńsì 5.